Níbo ló yẹ kí a ti máa fún òjòlá tí a ń sìn lóúnjẹ, báwo ni a ó sì ṣe ṣe é tí kò ní léwu?

Ará-Òkè-Fìà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ará Òṣogbo, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹranko nílé. Òjòlá kékeré kan wà lọ́wọ́ mi, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Python regius, tí kò ní oró, tí ó sì máa ń ká ara rẹ̀ rogodo, tí yóò fi orí pamọ́ sáàárín, nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Ẹ̀gbọ́n mi tó rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun ló fi í sílẹ̀ fún mi, pẹ̀lú àpótí onígíláàsì tó ń gbé. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ohunkóhun ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oúnjẹ rẹ̀ ló ń kọ mí lóminú.

Àwọn kan sọ fún mi pé kí n máa gbé e jáde kúrò nínú àpótí lọ sínú ike onídèérí kan, kí n sì fún un ní eku níbẹ̀, nítorí pé bí ó bá ń jẹun nínú àpótí rẹ̀, ọwọ́ èyíkéyìí tó bá wọlé ni yóò máa rò pé oúnjẹ ni. Àwọn mìíràn ní kí n má dán an wò. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún là mí lọ́yẹ̀ nípa irú eku tó yẹ, nítorí pé ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa ti ṣèlérí pé òun yóò máa bá mi dẹ pàkúté. Èrò kò sì kéré nínú ilé wa: màmá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, ìyàwó mi lóyún, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta sì máa ń wà nílé láti àárọ̀ dé alẹ́.

Olùtọ́jú-Òjòlá, Ayétòrò

Ẹ kú ìtọ́jú rẹ̀. Inú àpótí rẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti máa fún un lóúnjẹ. N ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ dáadáa, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń fa àríyànjiyàn jù láàárín àwa tí a ń sin ejò, àwọn tó sì ń gbani níyànjú láti lo ike kì í sábà ronú kan ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ejò bá ti jẹun tán.

Ní ètè òjòlá, ẹ óò rí àwọn ihò tínńtín-tínńtín tó tò tẹ̀lé ara wọn. Àwọn ihò yìí ló fi ń mọ ibi tí ooru ti ń wá, ahọ́n rẹ̀ ló sì fi ń kó òórùn jọ. Bí ó bá ti gbóòórùn eku, ohunkóhun tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó sì ń mira, ni yóò kà sí oúnjẹ. Ara rẹ̀ kì í sì í balẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ó bá gbé eku mì. Ó lè ṣì máa wá òmíràn fún wákàtí mélòó kan. Ẹni tó bá fún un lóúnjẹ nínú ike gbọ́dọ̀ tún fi ọwọ́ gbé e padà sínú àpótí ní àsìkò yẹn gan-an, nígbà tí ó rọrùn jù lọ kí ó bu ènìyàn ṣán. Ewu tí wọ́n ń sá fún ni wọ́n tún lọ pàdé lọ́nà.

Èyí tó burú jù ni pé, nígbà tí odindi eku bá wà nínú ikùn òjòlá, ara rẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n gbé e, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, tàbí kí wọ́n dẹ́rù bà á. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, ó lè bi gbogbo ohun tó jẹ jáde, ẹ̀bì sì máa ń ṣe ejò lọ́ṣẹ́ púpọ̀, nítorí pé omi kíkan inú ikùn rẹ̀ máa ń bó ọ̀nà ọ̀fun bí ó ti ń bọ̀ lókè. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé e fún wákàtí 48, ó kéré tán, lẹ́yìn oúnjẹ, kódà bí ó bá jẹ́ nínú àpótí rẹ̀ ló ti jẹun.

Ní ti pé yóò máa fi ọwọ́ yín pe oúnjẹ, òtítọ́ wà nínú rẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé ìgbà kan ṣoṣo tí ẹ máa ń ṣí àpótí ni ìgbà tí ẹ bá fẹ́ fún un ní eku. Ejò a máa kọ́ ohun tí a bá fi kọ́ ọ. Ẹ máa ṣí àpótí náà lọ́pọ̀ ìgbà láti pààrọ̀ omi, láti kó ìgbẹ́, tàbí láti kàn wò ó, kí ṣíṣí ilẹ̀kùn má bàa di àmì oúnjẹ. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé e, ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀pá kékeré kan tí orí rẹ̀ ti di rọ́bótó kàn án lára pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láti àárín ara lọ sí ìhà ìrù, kí ẹ sì dúró. Bí ara rẹ̀ bá dẹ̀, tí ahọ́n rẹ̀ ń jáde tí ó ń wọlé láìkánjú, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e láti abẹ́ ikùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti fa ọrùn sẹ́yìn, tí ọrùn náà ká bí ẹni fẹ́ ta ọfà, tí ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára ọwọ́ yín, ẹ pa ìlẹ̀kùn dé títí di ọjọ́ mìíràn.

Bí a ṣe ń fún un lóúnjẹ nìyí. Alẹ́ ni òjòlá máa ń ṣọdẹ, nítorí náà ẹ dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí ẹ dín iná yàrá kù, kí ẹ sì mú kí ilé dákẹ́. Ẹ ní ẹ̀mú gígùn, irú èyí tí àwọn tó ń yan ẹran fi ń yí i lórí iná, tí gígùn rẹ̀ tó láti ìgúnpá dé orí ìka yín. Ẹ fi ẹ̀mú náà di eku mú ní ibi ìbàdí, kí orí eku kọjú sí ejò, kí ẹ sì rọra mì í níwájú ibi ìfarapamọ́ rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe gbágbáágbá sí i lójú. Yóò yọ orí, yóò wò ó, ó tilẹ̀ lè pẹ́ kí ó tó ṣe ìpinnu. Lẹ́yìn náà ni yóò ta sí i lójijì, tí yóò sì fi ara lọ́ mọ́ ọn, bí eku náà tilẹ̀ ti kú tẹ́lẹ̀. Ẹ tú ẹ̀mú sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ náà. Ẹ má fà á, ẹ má ṣe tan iná fóònù sí i láti ya fídíò, ẹ pa ìlẹ̀kùn dé, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀.

Bí ohun tí ẹ tẹ́ sílẹ̀ àpótí bá jẹ́ èèpo àgbọn tàbí ìfọ́ pákó, ẹ gbé táìlì pẹlẹbẹ kan síwájú rẹ̀ kí ó máa jẹun lórí rẹ̀. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ eku díẹ̀ kì í sábà ṣe é ní nǹkan, yóò bá ìgbẹ́ jáde, àmọ́ eku tó tutù rinrin máa ń kó ìdọ̀tí púpọ̀ mọ́ra, nítorí náà ẹ nù ún gbẹ kí ẹ tó gbé e kalẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́-Ìṣègùn-Ẹranko

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹni tó kọ̀wé ṣáájú sọ. Ọ̀rọ̀ eku ni mo fẹ́ fi kún un, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọkùnrin yẹn dẹ pàkúté fún yín. Eku tó ń sáré kiri nínú àjà àti nínú gọ́tà lè ti jẹ oògùn eku tí aládùúgbò fi sílẹ̀ ní àná. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oògùn yìí kì í pa eku lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń gba ọjọ́ mélòó kan, láàárín àkókò náà eku yóò ṣì máa rìn, pàkúté yóò mú un láàyè, ẹ óò sì gbé májèlé fún òjòlá yín láìmọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, aràn àti kòkòrò ara ló kún ara eku ìgbẹ́ àti eku ilé. Kódà òkété tí àwọn ọdẹ ń tà lẹ́bàá títì kò yẹ fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé kò sí ẹni tó lè sọ ohun tó ti jẹ, ó sì tóbi ju ohun tí òjòlá kékeré lè gbé mì.

Eku funfun tí wọ́n ń sìn nínú àgò, irú èyí tí àwọn yunifásítì ń lò fún ìwádìí, ni kí ẹ wá. Ẹ bi ẹni tó ń sìn wọ́n léèrè ohun tó fi ń bọ́ wọn àti bóyá ó ti fi oògùn kankan tọ́jú wọn láìpẹ́. Ẹ sì jẹ́ kí ó jẹ́ èyí tí wọ́n ti pa láìjẹ́ kí ó jìyà, tí ẹ óò gbé sínú fìrísà. Òótọ́ ni pé òjòlá inú igbó ń pa ẹran jẹ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà láti sá lọ níbẹ̀. Nínú àpótí, bí ebi kò bá pa á, tí ẹ sì fi eku ààyè sílẹ̀ tì í, eku yẹn ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Eyín eku a máa dé egungun. Mo ti rí òjòlá tí eku jẹ lẹ́yìn títí tí ẹran pupa fi yọ, tí awọ ibẹ̀ sì jinná tán pẹ̀lú àpá ńlá tí kì í bọ́ dáadáa mọ́ nígbà tí ó bá ń bọ́ awọ.

Ní ti ìwọ̀n, ẹ wo ibi tó fẹ̀ jù lára òjòlá náà, kí eku má sì fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó yẹ kí ẹ rí i pé ikùn rẹ̀ yọ díẹ̀. Bí ó bá yọ gọngọ débi pé àwọn ìpẹ́ ara rẹ̀ ya kúrò lára ara wọn, eku náà ti tóbi jù. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹyin lè jẹun lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí ó bá ti ń dàgbà, ẹ máa sún un sí ọjọ́ mẹ́wàá tàbí ọ̀sẹ̀ méjì. Àgbà òjòlá lè lo ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin láàárín oúnjẹ kan sí èkejì láìsí ewu. Bí ejò bá ń wò yín láti inú àpótí, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ebi ń pa á, ọ̀pọ̀ òjòlá tí mo rí nílé àwọn ènìyàn ló sanra ju bó ṣe yẹ lọ. Odindi ẹran ni kí ẹ máa fún un, nítorí pé inú egungun, ẹ̀dọ̀ àti ìfun ni ó ti ń rí ohun tó ń mú ara rẹ̀ le. Ẹran màlúù tí a gé lọ́jà kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, ẹran tí a sè kò sì yẹ ẹ́ rárá.

Bí ẹ bá fẹ́ yọ eku kúrò nínú yìnyín, ẹ gbé e láti fìrísà sínú fìríìjì ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ẹ dì í sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ rì í sínú omi gbígbóná tí ọwọ́ lè gbà, títí ara rẹ̀ yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó ìwọ̀n 38 sí 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ tẹ ikùn rẹ̀ láti mọ̀ bóyá yìnyín ṣì wà nínú. Ẹ má ṣe sè é, ẹ má sì gbé e sínú máíkírówéfù, torí yóò jinná níbì kan, yóò dì níbòmíràn, ó sì lè bẹ́. Nítorí pé iná ìjọba kò dúró sójú kan lọ́dọ̀ wa, ẹ di eku kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ sì máa ra ìwọ̀nba. Èyí tí yìnyín rẹ̀ bá ti yọ́ tán nígbà tí iná lọ fún ọjọ́ pípẹ́, ẹ má tún gbé e padà kí ó lè dì, ẹ sọ ọ́ nù.

Nọ́ọ̀sì-Ògo-Olúwa

Àbúrò mi, mo ka ohun tí o kọ nípa ìyàwó rẹ àti ọmọ kékeré yẹn, ọkàn mi kò sì balẹ̀ láti kọjá lọ. Eku pàkúté tí o fẹ́ máa fọwọ́ gbá mú yìí lè ṣe ìwọ fúnra rẹ léṣe kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ejò. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969 ní ìlú Lassa ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú eku kan tó máa ń wọ inú ilé ni ó ti ń wá, ẹni tó bá sì ń pa eku, tó ń bó o, tàbí tó ń fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè kó o. Ondo, tí ó bá ìpínlẹ̀ wa pààlà, wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí àrùn yìí ti ń jà jù lọ. Aboyún tí ibà yìí bá mú wà nínú ewu ju àwọn ẹlòmíràn lọ, òun àti ọmọ inú rẹ̀. Sọ fún ọmọkùnrin yẹn pé o dúpẹ́, ṣùgbọ́n o kò fẹ́.

Èkejì ni kòkòrò Salmonella. Ejò tó dá ṣáṣá lè gbé kòkòrò yìí sínú ìfun rẹ̀ láìsí àmì àìsàn kankan, eku inú fìrísà náà lè ní i, òtútù yìnyín kì í sì í pa á. Ènìyàn tó bá kó o lè ní ìgbẹ́ gbuuru, ibà àti inú rírun, ó sì máa ń le jù lára ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, lára aboyún, lára àgbàlagbà, àti lára ẹni tí ara rẹ̀ kò lè bá àrùn jà. Wo ìdílé rẹ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ni mo ka sílẹ̀ yìí. Nítorí náà, ìwọ nìkan ni kí o máa fún ejò náà lóúnjẹ, kí ìyàwó rẹ má ṣe kó ìgbẹ́ rẹ̀, kí ọmọ náà má sì wọ yàrá náà lọ́jọ́ oúnjẹ.

Ilé ìdáná kò yẹ fún ohunkóhun nínú iṣẹ́ yìí. Bí o kò bá lè ní fìrísà kékeré tìrẹ, ra ike líle onídèérí tó ń dé pinpin, kí o kó àwọn eku tí o ti dì lọ́rá sínú rẹ̀, kí o sì sọ fún màmá kí wọ́n mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí pé kò dára kí wọ́n ṣí i láìròtẹ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wá ẹja. Tèmi ni pé fìrísà ọ̀tọ̀ ló dára jù nínú ilé tí aboyún wà. Abọ́ tí o fi yọ yìnyín, ẹ̀mú, àti abọ́ omi ejò, ìta ni kí o ti fọ̀ wọ́n pẹ̀lú ọṣẹ, kí o sì da omi ìfọ̀ náà sínú ṣáláńgá tàbí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, má ṣe fọ̀ wọ́n níbi tí ẹ ti ń fọ àwo oúnjẹ. Fọ ọwọ́ rẹ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn kí o tó fún un lóúnjẹ, kí òórùn eku tàbí adìẹ má bàa wà lọ́wọ́ rẹ, kí o sì tún fọ̀ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ará-Òkè-Fìà

Ẹ ṣé gan-an, àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ sì ṣé, ẹ̀yin yòókù. Mo ti dá ọmọkùnrin náà lóhùn, a sì ti rí ẹni tó ń sin eku funfun. Mo ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wí ní alẹ́ àná, ṣùgbọ́n òjòlá náà kàn yọ orí, ó wò ó, ó sì padà sínú ibi ìfarapamọ́ rẹ̀. Mo ṣàkíyèsí pé ojú rẹ̀ ti di aláwọ̀ ojú ọ̀run, ara rẹ̀ kò sì dán mọ́. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ níbí, òru sì ń tutù. Ṣé àìsàn ni?

Ọlọ́gbà, Òkè-Baálẹ̀

Ẹ fi ọkàn balẹ̀. Ojú tó ṣú bẹ́ẹ̀ jẹ́ àmì pé ó fẹ́ bọ́ awọ. Ní àsìkò yìí kò ríran dáadáa, ara rẹ̀ kì í sì í gba ìdààmú, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í jẹun rárá. Ẹ gbé eku náà kúrò, kí ẹ má fi lọ̀ ọ́ mọ́ títí yóò fi bọ́ awọ tán. Ẹ rí i pé omi wà nínú abọ́ rẹ̀ àti pé inú àpótí kò gbẹ jù, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí ètè tiwa náà ń là.

Irú òjòlá yìí lókìkí fún kíkọ oúnjẹ. Àgbà ejò tí ara rẹ̀ dá lè gbààwẹ̀ fún oṣù mélòó kan, pàápàá àwọn akọ ní àsìkò tí wọ́n ń gun abo, kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun fúnra rẹ̀. Ohun tí mo fi ń mọ̀ bóyá kí n bẹ̀rù ni òṣùwọ̀n. Ẹ máa wọ̀n ọ́n nínú ike kan lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún un, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá sọ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀ nù, tàbí tí ẹ bá rí itọ́ tó ń fà ní ẹnu rẹ̀, tàbí tí ó ń fi ẹnu mí, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ẹ má fi ipá ya ẹnu rẹ̀ láti ki oúnjẹ bọ̀ ọ́ fúnra yín.

Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ tí ẹ mẹ́nu bà ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìwé tí a ń kà nípa títọ́jú ejò, àwọn tí iná wọn kì í lọ ló kọ ọ́. Ejò kò ní ooru ti ara rẹ̀. Láti ibi tó wà ni ara rẹ̀ ti ń gba ooru, ooru yìí ni ó sì fi ń da oúnjẹ. Apá kan nínú àpótí yẹ kí ó wà ní ìwọ̀n 31 sí 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí apá kejì wà ní nǹkan bíi 25 sí 27, kí ó lè yan ibi tó wù ú. Ní oṣù kẹta, inú yàrá wa ní Òṣogbo lè gbóná tó bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ọ̀sán, a tilẹ̀ máa ń wá ọ̀nà láti mú kí ó tutù. Ṣùgbọ́n ní òru ọyẹ́, bí iná bá lọ, àpótí onígíláàsì yóò tutù kíákíá, eku tó wà nínú ikùn ejò kò sì ní dà; ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà níbẹ̀, ejò yóò sì bì í.

Nítorí náà, kí ẹ tó yọ eku kúrò nínú fìrísà, ẹ kọ́kọ́ ronú nípa iná. Bí kò bá dá yín lójú pé ẹ óò lè mú kí àpótí náà móoru fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tó ń bọ̀, yálà pẹ̀lú iná ìjọba, sólà tàbí jẹnẹrétọ̀, ẹ jẹ́ kí ó dúró. Ebi ọ̀sẹ̀ kan kò lè pa àgbà òjòlá, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí kò dà lè ṣe é ní ibi. Bí iná bá lọ lójijì lẹ́yìn tí ó ti jẹun, ẹ rọ omi gbígbóná sínú ìgò, kí ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ tò ó sí ẹ̀gbẹ́ àpótí láti ìta, kí ẹ sì fi kúbùsù bo ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìdí ojú afẹ́fẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé ìkòkò èédú wọ inú yàrá, èéfín rẹ̀ tí a kì í rí lè pa ejò àti ènìyàn tó wà níbẹ̀.

Bí ó bá bì lóòótọ́, ẹ kó o kúrò, ẹ fọ ibẹ̀ mọ́, ẹ yẹ ooru wò, kí ẹ sì fi sílẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú omi nìkan. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní eku tó kéré dáadáa sí ti tẹ́lẹ̀. Bí ó bá tún bì, dókítà ló kù.

Ọlọ́sìn-Adìẹ, Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun

Mo kí gbogbo yín. Èmi kò fara mọ́ ọn pé ike kò wúlò rárá. Òjòlá méjì ni mo ní nínú àpótí kan, bí mo bá sì fún wọn lóúnjẹ papọ̀, àwọn méjèèjì lè gbá ẹran kan ṣoṣo mú, kí ọ̀kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èkejì mì. Ìdí nìyí tí mo fi ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ike tirẹ̀. Ọmọ adìẹ ọjọ́ kan tó ti kú nínú ẹ̀rọ ìpamọ, èyí tó ń sọ ẹyin di ọmọ adìẹ, ni mo sì máa ń fún wọn. Ṣé ìyẹn dára?

Olùtọ́jú-Òjòlá, Ayétòrò

Ìdí tí ẹ sọ yìí tọ̀nà, mo sì gbà pé ẹni tó bá ní méjì nínú àpótí kan kò gbọ́dọ̀ fún wọn lóúnjẹ pọ̀ láé. Ṣùgbọ́n ojútùú rẹ̀ ni pé kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àpótí tirẹ̀. Òjòlá kì í wá ẹgbẹ́. Bí ẹ bá rí wọn tí wọ́n dùbúlẹ̀ léra wọn lórí, ibi tó gbóná jù ni wọ́n ń dù. Títí ẹ óò fi rí àpótí kejì, ẹ gbé èyí tí ara rẹ̀ balẹ̀ jù lọ sínú ike kí oúnjẹ tó dé, kí ẹ jẹ́ kí èkejì jẹun níbi tó wà, kí ẹ bo ike náà ní aṣọ, kí ẹ sì fi èyí tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ fún wákàtí 48, ó kéré tán, kí ẹ tó rọra gbé e padà, pẹ̀lú ooru tó péye ní gbogbo àkókò náà.

Ọmọ adìẹ kò burú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe oúnjẹ tó yẹ kí ó máa jẹ ní gbogbo ìgbà, ìgbẹ́ wọn sì máa ń ṣàn, ó ń rùn. Èyí tó ti kú fúnra rẹ̀ nínú ẹ̀rọ ìpamọ, ẹ má lò ó, torí ẹ kò mọ àrùn tó pa á. Ẹ tún mọ̀ pé òjòlá tí ó ti mọ́ lára láti máa jẹ adìẹ lè kọ eku sílẹ̀ pátápátá.

Ọdẹ-Tẹ́lẹ̀

Ìmọ̀ràn tí ẹ ń gbà yìí dára fún òjòlá kékeré. Ẹni tó bá ń sin òjòlá ńlá, Python sebae, èyí tó lè gùn ju mítà mẹ́rin lọ, kò gbọ́dọ̀ fún un lóúnjẹ láìsí ẹlòmíràn nínú yàrá náà. Ara ejò yẹn lágbára ju ti ènìyàn kan lọ. Bí òjòlá bá sì bu ènìyàn ṣán tí kò tú u sílẹ̀, ẹ má fa ọwọ́ yín yọ, torí eyín rẹ̀ dorí kọ ọ̀fun, yóò sì ya ẹran. Ẹ dúró jẹ́ẹ́, ẹ da omi tútù sí i lórí díẹ̀díẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìrù tú èyí tó ti lọ́ mọ́ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ojú ọgbẹ́, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́ ìdènà tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Ẹnikẹ́ni má ṣe lọ wá eku tàbí ejò nínú Igbó Ọ̀ṣun, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má tú ejò tó ti sú yín sílẹ̀ níbẹ̀. Ìṣọdẹ jẹ́ èèwọ̀ nínú igbó náà láti ayébáyé, UNESCO sì ti fi í sínú àkójọ ohun ìní àgbáyé láti ọdún 2005. Àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES náà sì ń ṣàkóso bí a ṣe ń kó òjòlá láti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ìwé ejò rẹ̀ lọ́wọ́, kí ó tọ́jú rẹ̀.

Ará-Òkè-Fìà

Ẹ ṣé o, bàbá. Ó ku ohun kan. Eku tí ó kọ̀ ní àná, ṣé mo lè gbé e padà sínú fìrísà? Wákàtí mélòó ní alẹ́ ni kí n sì máa fi sílẹ̀ níwájú rẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́-Ìṣègùn-Ẹranko

Ẹ má gbé e padà. Bí eku bá ti móoru, tí ó sì ti wà ní ìta, kòkòrò ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Bí ejò bá kọ̀ ọ́ láti ẹnu ẹ̀mú, ẹ gbé e sórí táìlì níwájú ibi ìfarapamọ́, ẹ pa iná, kí ẹ sì fi sílẹ̀ mọ́jú. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń jẹ ẹ́ nígbà tí kò bá sí ẹni tó ń wò wọ́n. Èyí tó bá ṣẹ́kù ní àárọ̀, ẹ fi ọ̀rá méjì dì í, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìn díẹ̀ kí ajá má bàa hú u, kí ẹ sì fọ táìlì náà ní ìta. Ẹ dúró tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ó bá ti bọ́ awọ tán kí ẹ tó tún gbìyànjú.